Kò Sí Àlùmọ́gàjí Nínú Àlá Mi

Lọ́jọ́ kan báyìí, mo ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù, rédíò sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Obìnrin kan tó kàwé dáadáa ni wọ́n gbé sórí afẹ́fẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ nípa agbára ọkùnrin nílẹ̀ Yorùbá. Ó ní ọkùnrin ló ni ilé, ọkùnrin ló ni ilẹ̀, ọkùnrin náà ló ni ọmọ. Ó ní bí ọkùnrin bá fẹ́, á gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá ọmọ, kò sì sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló dé. Òótọ́ ló ń sọ. Mo mọ àwọn obìnrin tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ní Ìdànrè níbí, mo sì mọ àwọn ọkùnrin tó ṣe é, torí èmi ni mo ń rán ṣòkòtò fún àwọn kan nínú wọn. N ò bá obìnrin yẹn jà. Ṣùgbọ́n nígbà tó tún un sọ pé "ọkùnrin ló ni ọmọ," mo na ọwọ́, mo pa rédíò náà. Ọkùnrin ló ni ọmọ, àbí? Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ wá bá mi wá ẹni tó ni ọmọ.

Télọ̀ ni mí. Nígbà tí owó epo ṣì ń dún létí gbogbo ayé, kí ìjọba alágbádá tó dé, mo ti ní ṣọ́ọ̀bù ní Odode, ní Ìdànrè níbí, nínú yàrá iwájú ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa. Èmi àti ìyàwó mi ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn, ìyá mi wà ní yàrá tó tẹ̀ lé e. Bí mo bá gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ, òkúta ńlá Òkè Ìdànrè ni mo máa ń rí lójú fèrèsé. Bí kòkó bá ti wọlé, tí àwọn àgbẹ̀ ti tà á, ẹsẹ̀ mi kì í sinmi lórí pẹ́dà. Ìyàwó mi ló ń bá mi rán bọ́tìnnì, tó ń bá mi ṣe etí aṣọ. Ẹlẹ́rìn-ín obìnrin ni. Bí oníbàárà bá ń yọ mí lẹ́nu, òun ló máa ń bá mi fi ẹ̀rín lé e lọ.

Ó kú lórí ìkúnlẹ̀. Ọmọ yè, obìnrin sì ni.

N ò fẹ́ sọ púpọ̀ nípa ọjọ́ yẹn. Ohun tí mo rántí jù ni pé àwọn ọkùnrin kan fà mí lọ sílé ọ̀rẹ́ bàbá mi, wọ́n ní òkú ọ̀fọ̀ ni, ọkọ kì í dé ìdí sàréè. Wọ́n jókòó yí mi ká bí ẹni ń ṣọ́ olè. Ọ̀kan ń gbá mi lẹ́yìn, ó ní, "Ọkùnrin ni ọ́. Má sunkún. Obìnrin pọ̀." Ẹ gbọ́ o! Wọn ò tíì da yẹ̀pẹ̀ bò ó tán tí ẹnì kan ti ń sọ fún mi pé obìnrin pọ̀. Mo gbé ẹkún náà mì. Ó dùn mọ́ wọn nínú pé mo gbé e mì, wọ́n ní mo ṣe bí ọkùnrin.

Ìyàwó mi ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ní Èkó. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń lọ, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ní mọ́tò, ṣùgbọ́n wọn ò tíì rí ọmọ bí látìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó. Kí ó tó padà sí Èkó lẹ́yìn ìsìnkú, ó ní kí n jẹ́ kí òun máa gbé ọmọ náà lọ. Ó bẹ̀ mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, n ò lè purọ́ mọ́ ọn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, torí ẹ̀gbọ́n ni, mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni bàbá rẹ̀, mo wà láàyè, ọwọ́ mi méjèèjì sì pé." Gbogbo ilé wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Mo wá kọ́ iṣẹ́ ọmọ. Mo kọ́ bí a ṣe ń se fídà, bí a ṣe ń po mílíìkì tí kò ní gbóná jù. Àjákù aṣọ oníbàárà ni mo gé ṣe nápíkì. Mo kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀já pọnmọ, mo sì ń pọ̀n ọ́n kiri Odode lójú ọ̀sán gangan. Háà, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́! "Ìyá ìkókó, ẹ kú ọwọ́ lómi o!" Ọkùnrin kan wá kó aṣọ rẹ̀, ó ní òun ò lè jẹ́ kí ẹni tó ń rùn mílíìkì rán agbádá òun. Mo ní kó máa lọ, kí agbádá náà má baà gba ọmú lẹ́nu ọmọ mi. Inú bí i, ṣùgbọ́n ó lọ.

Apẹ̀rẹ̀ kan tí wọ́n fi ń ru kòkó ni mo tẹ́ aṣọ sí, abẹ́ ẹ̀rọ ni mo ń gbé e sí. Ohùn ẹ̀rọ yẹn ló ń rẹ̀ ẹ́ sùn. Bí mo bá ń wà á, á sùn fọnfọn. Bí mo bá dúró, á lajú, á máa wò mí pé kí ló dé tí mo fi dúró. Ìgbà mìíràn wà tí iṣẹ́ á ti tán lọ́wọ́ mi, tí kò ní sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́ rárá, tí màá ṣì máa tẹ pẹ́dà kí oorun rẹ̀ má baà dà nù. Ìyá mi á kọjá, á mi orí. "Ẹ̀rọ ń lọ lófìfo, ọkọ mi ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ tọ́mọ."

Ìyá mi ò burú sí ọmọ náà. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi epo pa á lára. Èmi gan-an ni ọ̀rọ̀ mi ń kọ ọ́ lóminú. Ó ń fọgbọ́n mú àwọn omidan ìjọ wa wá sí ṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n wá wọn aṣọ. Wọ́n á dé, wọ́n á rí ọmọ lẹ́yìn mi, wọ́n á wo ara wọn, wọn ò ní wọn aṣọ mọ́. Bí wọ́n bá lọ tán, á káwọ́ lérí. "Ta ló máa fẹ́ ọkùnrin tó ń pọnmọ?" Mo ní, "Màmá, ẹni tó bá fẹ́ mi á fẹ́ ohun tó wà lẹ́yìn mi."

Nígbà tí ọmọ náà ti ń jókòó fúnra rẹ̀ ni mo lá àlá kan. Ìyàwó mi jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, gèlè rẹ̀ wà léjìká, ó ń wo ọmọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo rìn lọ bá a, mo gbé orí lé e nítan, mo sì bú sẹ́kún. Mo ké gbogbo ohun tí mo ti gbé mì látọjọ́ tó ti kú. Ó ń fọwọ́ pa mí lórí títí mo fi jí, ìrọ̀rí mi sì tutù jọ̀ọ̀.

Aládùúrà ni wá. Ní ìjọ wa, a kì í gbé àlá pamọ́. Ẹni tó bá lá a gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n lè fàdúrà sí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá mi ń gbálẹ̀ iwájú ilé, mo lọ kúnlẹ̀ bá a, mo ń rọ́ ọ fún un. Inú mi tilẹ̀ ń dùn. Mo sọ ti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo sọ ti gèlè, mo sọ bó ṣe ń wo ọmọ. Ìgbà tí mo dé ibi ẹkún, ẹnu mi wúwo. Ọkùnrin wo ló máa dúró níwájú ìyá rẹ̀ tó máa ní òun gbórí lé itan obìnrin, òun ń ké bí ọmọ jòjòló? Ìyá mi ní, "Kí ló wá ṣe?" Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu ni mo sọ. Mo ní, "Ó mú àlùmọ́gàjí dání. Ó jọ pé ó fẹ́ bá mi gé òwú."

Ìyá mi dá ọwọ́ ìgbálẹ̀ dúró. "Àlùmọ́gàjí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ó wò mí pẹ́. Ó ní kí Ọlọ́run ṣàánú wa, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ẹ̀mí gbé ìyá kan tó jẹ́ aríran ìjọ wa. Ó ń gbọ̀n, ó ń fò sókè, ó wá dúró níwájú mi gan-an. Ó ní, "Bàbá ìkókó, gbọ́! Mo rí obìnrin kan. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Gèlè rẹ̀ wà léjìká. Ó ń wo ọmọ. Ó mú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, ó fẹ́ gé ọmọ náà kúrò láyé kó máa mú un lọ. Ẹ gbé ọmọ yìí kúrò nínú ilé tí ìyá rẹ̀ mọ̀. Ẹ gbé e sọdá omi!"

Kí ó tó parí, mo ti dojú bolẹ̀. Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì! Gèlè! Ìyàwó mi ni mo rí lójú mi, n ò rántí ohun mìíràn kankan mọ́. Mo ní kí wọ́n gba ọmọ mi là. Wọ́n ní kó lọ wà ní ilé àdúrà, lọ́wọ́ ìyá ìjọ, títí àjọ̀dún ìkórè á fi kọjá. Mo bi wọ́n pé omi wo ni ká gbé e sọdá. Ìyá ìjọ ní, "A kì í bi Ẹ̀mí bẹ́ẹ̀." Mo rò pé odò kékeré ẹ̀yìn ilé àdúrà ni, níbi tí wọ́n ti máa ń wẹ àwọn aláìsàn. Mo kó fídà, mo kó nápíkì, èmi fúnra mi ni mo pọ̀n ọ́n dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n kó aṣọ funfun rẹpẹtẹ fún mi pé kí n rán ti ẹgbẹ́ akọrin fún ìkórè, kí n fi ṣe iṣẹ́ ìsìn nítorí ẹ̀mí ọmọ mi.

Mo jókòó, mo ń rán. Bí mo bá fẹ́ lọ wo ọmọ, ìyá mi á ní, "Iṣẹ́ Ọlọ́run lo ń ṣe, parí rẹ̀ ná." Apẹ̀rẹ̀ òfìfo wà lábẹ́ ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ mi ń kàn án. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fẹ́ gé ọrùn ẹ̀wù kan, mo sì mú àlùmọ́gàjí. Ọwọ́ mi dúró sójú kan.

Àlùmọ́gàjí wo? Kò sí àlùmọ́gàjí nínú àlá mi! Bí Ẹ̀mí bá rí àlá yẹn, Ẹ̀mí á rí ọkùnrin tó gbórí lé itan ìyàwó rẹ̀, tí omi ń dà lójú rẹ̀. Àlùmọ́gàjí yẹn, ẹnu mi ló ti jáde, ẹnì kan ṣoṣo ni mo sì sọ ọ́ fún láyé yìí, ìyẹn ìyá tó bí mi.

Mo sáré jáde. Téépù wà lọ́rùn mi, apá ẹ̀wù funfun kan wà lọ́wọ́ mi tí n ò mọ̀. Nígbà tí mo dé ilé àdúrà, àwọn obìnrin ń to iṣu ìkórè. Orin ń lọ lẹ́nu wọn, ó sì dáwọ́ dúró bí wọ́n ṣe rí mi. Mo ní, "Ọmọ mi dà?" Ìyá mi wà láàárín wọn, ó tẹrí ba, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ìyá ìjọ ló wá ní, "Ọkọ mi, ṣe sùúrù. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ ti wá láàárọ̀. Wọ́n á ti sọdá odò Owena báyìí."

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Mo ju apá ẹ̀wù yẹn mọ́lẹ̀, mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ẹrẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n tó pariwo. "Aṣọ mímọ́! Ó ń tẹ aṣọ mímọ́ mọ́lẹ̀!" Ó ká mi lára gan-an. Gbogbo wọn ló pariwo nítorí aṣọ, kò sì sẹ́ni tó pariwo nítorí ọmọ.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Owena. Àwọn tó ń ta nǹkan lẹ́bàá títì ní mọ́tò kan ti kọjá tipẹ́, ọmọ inú rẹ̀ ń ké gan-an. Mo dúró lórí afárá títí ojú mi fi ń pọ́n. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Èkó tóbi, n ò sì mọ àdúgbò tí wọ́n ń gbé.

Mo lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Èyí tó wà lẹ́nu káńtà ní, "Ta ló jí i? Mọ̀lẹ́bí ẹ̀ ni, àbí àjèjì?" Mo ní ìyá mi ló gbé e fún ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọkùnrin, ṣé o ní ọmú ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ olórí ẹbí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní kó bá mi gba ọmọ mi. Ó ní ọmọ ò sọnù, ọ̀dọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló wà, ibi tó dára sì ni. "Fẹ́yàwó, kí o bí òmíràn. Ìgbà tó o bá fẹ́yàwó tán, a ó sọ àdúgbò wọn fún ọ. Ọkùnrin ni ọ́, jàre." Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà o, orí ọmọ mi wọ́.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n ò fi tú àṣírí ìran yẹn. Ẹ rò ó wò. Bí mo bá sọ pé kò sí àlùmọ́gàjí nínú àlá mi, wọ́n á bi mí pé kí ló wá wà níbẹ̀. Ṣé iwájú ọlọ́pàá tó ń fi mí ṣẹ̀sín ni màá ti ní mo ń sunkún ni? Àbí iwájú olórí ẹbí? Mo pa ẹnu mọ́. N ò dé ìjọ yẹn mọ́, n ò sì fẹ́ ẹnikẹ́ni. Ìyá mi ń se oúnjẹ, mo ń jẹ ẹ́, a ń kíra láàárọ̀ bí àwọn ayálégbé méjì. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Èmi àti aṣeni tèmi jọ ń lo ìkòkò kan.

Nígbà tí ọdún díẹ̀ ti gorí ọdún, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ọmọ mi ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìyá mi wọlé sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án kan nígbà Kérésìmesì. Ó fa ọmọdébìnrin kan lọ́wọ́, tó wọ bàtà tòun ti ìbọ̀sẹ̀. Ìyá mi ò wò mí lójú. Ó ní àwọn ará Èkó wá ṣọdún, wọ́n ní kí n rán ẹ̀wù ọdún fún ọmọ yìí. Ó sún mọ́ mi, ó rọra ní, "Mo bẹ̀ ọ́. Má da ọmọ náà lórí rú."

Ẹ̀rín ìyàwó mi ló wà lẹ́nu ọmọ yẹn. Ìyá mi pè é ní orúkọ kan tí n ò gbọ́ rí, ó sì jẹ́ ẹ. Wọ́n ti pa orúkọ tí mo sọ ọ́ dà.

Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. "Ẹ káàsán, Bọ̀dá Télọ̀." Mo mú téépù, mo wọn èjìká rẹ̀, mo wọn àyà rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò kọ ọ́ sílẹ̀?" Mo ní màá rántí. Bí mo ṣe ń gé aṣọ, ó ń wo gbogbo ilé kiri, ó ní, "Bọ̀dá Télọ̀, ṣé ẹ ní ọmọ?"

Ìyá mi wú ikọ́.

Mo ní, "Mo ní ọmọ kan."

"Níbo ló wà?"

"Ó wà ní Èkó."

Inú rẹ̀ dùn. "Èmi náà ń gbé Èkó! Àdúgbò wo ló wà?"

"N ò mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bojú. "Bàbá wo ni ò mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ ń gbé?"

Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán. Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi ń wúwo. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí òkìtì aṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, oorun gbé e lọ. Ìyá mi ní, "Ẹ wò ó! Ìyá rẹ̀ sọ pé kì í sun oorun ọ̀sán." Ìyá rẹ̀! Mo rán ẹ̀wù náà tán, mo yọ ọ́ lábẹ́ abẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ mi ò sì kúrò lórí pẹ́dà. Mo ń wà á lọ lófìfo títí mọ́tò fi fun fèrè níta. Dírẹ́bà wọlé, ó gbé e léjìká pẹ̀lú oorun lójú rẹ̀, ìyá mi fi ẹ̀wù tuntun náà lé e láyà, wọ́n sì lọ.

Ìyá mi padà wọlé, ó jókòó. Ó ní, "O ṣeun tó ò sọ fún un. Ọkùnrin ni ọ́ lóòótọ́."

Mo dá ẹ̀rọ dúró. Mo ní, "Màmá, kò sí àlùmọ́gàjí nínú àlá mi."

"Mo mọ̀," ló sọ.

"Ẹ mọ̀ báwo?"

"Ògiri ilé wa ò nípọn. Mo gbọ́ ẹkún rẹ lóru ọjọ́ yẹn, mo gbọ́ bó o ṣe ń pe orúkọ ìyàwó rẹ. Mo dúró pé kó o sọ fún mi láàárọ̀, o wá ń ròyìn àlùmọ́gàjí. Mo ní ọkùnrin tó ń sunkún bẹ́yẹn, kò lè tọ́ ọmọ. Ìdí tí mo fi lọ bá ìyá ìjọ àti aríran nìyẹn."

Gbogbo ọdún yẹn ni mo fi pa ẹkún náà mọ́ kí ojú má baà tì mí níwájú rẹ̀, ẹkún náà gan-an ló sì fi gba ọmọ lọ́wọ́ mi.